Ògiri Tí Diepreye Wà Lára Rẹ̀

Kó tó di pé wọ́n fẹ́ dáná sun ún nítorí ògiri, iṣẹ́ fọ́tò páspọ́ọ̀tù ni Tẹjúmọ́lá Dáramọ́lá ń ṣe jẹ́jẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí títì ní apá Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Aṣọ funfun kan ló ta sí ẹ̀yìn, àga onígi kan ló wà níwájú rẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń wáṣẹ́ ní ebúté Àpápá ń jókòó sí láti yàwòrán, àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣèdánwò, àti àwọn abiyamọ tuntun. Nígbà tí fóònù dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, oníbàárà dín kù. Kò tìtorí ìyẹn ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ó máa ń sọ pé fóònù mọ ojú yà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ èèyàn wò.

Ọkọ rẹ̀, Reuben, jẹ́ ajẹ́ńtì ní ebúté Tin Can. Òun ló ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde nínú kọ̀ntéínà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, tí kì í fẹ́ wàhálà, tó sì gbà pé ohun tí kò bá kan èèyàn, kéèyàn má fọwọ́ kàn án.

Ògiri kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Wọ́n ya Ìyá Sàrátù sára ògiri náà. Agbẹ̀bí ni Ìyá Sàrátù nígbà ayé rẹ̀. Ọmọ Ijaw, ọmọ Ìgbò, ọmọ Urhobo, ọmọ Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọ àdúgbò náà kọ́kọ́ bọ́ sí. Òun náà ló gbẹ̀bí Jọmílójú, ọmọ kan ṣoṣo tí Tẹjúmọ́lá bí. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn òṣìṣẹ́ kan gbé àkàbà wá, wọ́n fi ọ̀dà pa Ìyá Sàrátù rẹ́, wọ́n sì kọ ìpolówó ọtí lé e lórí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, iṣẹ́ ti parí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, àwọn obìnrin tó ń tajà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn. Ọ̀kan ní apá ọ̀tún ni Ìyá Sàrátù fi gbọ́mọ nínú àwòrán yẹn. Èkejì ní apá òsì ni. Ẹ̀kẹta búra pé kò gbé ọmọ kankan, pé kẹ́tùlù omi gbígbóná ló mú lọ́wọ́. Wọ́n bá yíjú sí Tẹjúmọ́lá.

"Màmá Jọmí, ẹ bá wa gbé fọ́tò rẹ̀ jáde. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ń ya gbogbo ayé."

Kò ní fọ́tò náà. Ọdún gbọọrọ ló fi ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn kọjá, kò yà á rí. Ojú tì í, ó sì dùn ún gan-an.

Láti ìgbà náà, bó bá ti di Sátidé, á gbé kámẹ́rà kọ́rùn, á wọ inú àdúgbò lọ. Kì í kàn ya àwòrán kó máa lọ. Á béèrè pé: ta nìyí? Ta ló yà á? Kí ló ṣẹlẹ̀? Á sì fi fóònù gba ohùn àwọn tó bá dáhùn sílẹ̀. Ní Coconut, ó rí ògiri páàkì kan tí wọ́n ya dẹ́rẹ́bà tírélà kan sí, tó ń wẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lásìkò tí tírélà tò sórí bíríjì títí tí wọn ò lè lọ síwájú, tí wọn ò lè padà sẹ́yìn. Mẹkáníìkì kan sọ fún un pé dẹ́rẹ́bà náà gan-an wá wo àwòrán ọ̀hún, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bá òun wọ ṣòkòtò, nítorí àna òun ń gba ibẹ̀ kọjá. Ní àdúgbò mìíràn, ó rí àwòrán àwọn ọkùnrin tó fi ilẹ̀kùn gbé bàbá arúgbó kan la àgbàrá kọjá. Ọmọ bàbá náà wò ó, ó ní, "Ilẹ̀kùn ilé wa nìyẹn. A ò rí i gbà padà títí dòní." Lọ́nà Kirikiri, wọ́n ya obìnrin kan tó jókòó pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí itan, tó kọjú sí géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò sẹ́ni tó gbà láti dárúkọ obìnrin náà fún un. Wọ́n kàn ní ó ṣì ń wá síbẹ̀ ni.

Jọmílójú, tó ti wà ní yunifásítì, bá ìyá rẹ̀ ṣí ojú ewé kan lórí Fesibúùkù. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó àwọn àwòrán náà sí, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Ajégúnlẹ̀ tó wà lókè òkun rí i. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sunkún, wọ́n ń pe orúkọ ara wọn. Inú Tẹjúmọ́lá dùn.

Àfi bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣe dé sí ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tó ti yà, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa mààkì àwọn ilé tó wà létí kánààlì. Wọ́n ní àwọn fẹ́ la ojú omi, pé gbogbo ilé tí wọ́n bá ti mààkì, wíwó ni. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi mààkì àdúgbò kejì. Tẹjúmọ́lá ti ya ìyẹn náà. Ni ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jà ràn-ìn káàkiri.

Inú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Obìnrin kan tó wá ya páspọ́ọ̀tù ló ń sọ ọ́ lórí fóònù, tí kò mọ ẹni tó wà níwájú òun.

"Obìnrin kan ni wọ́n ń rán kiri," ló ń wí. "Á gbé kámẹ́rà kọ́rùn bíi pé eré ló ń ṣe. Ilé tó bá ti yà, kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù mọ́ níbẹ̀."

Àwòrán tí Tẹjúmọ́lá yà fún un kò mọ́lẹ̀. Ó ní kó jókòó dáadáa, ó tún un yà.

Nígbà tó sọ ọ́ fún Reuben nílé, Reuben gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Màmá Jọmí, fi ọ̀rọ̀ ògiri yìí sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n fẹ́ wó ilé lé lórí ò ní béèrè ẹjọ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Dádì Jọmí, mi ò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́."

"Ìwọ mọ̀, èmi náà mọ̀. Àwọn ńkọ́?"

Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún Oghenefejiro, ayàwòrán kan tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ lára ògiri Ajégúnlẹ̀, pé òun máa wá ya èyí tí Fejiro gbà pé ó dára jù nínú iṣẹ́ ọwọ́ òun. Àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Ìdí Àgbọn ni ògiri náà wà, kánààlì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé èyí nìkan ló kù. Nígbà tí Sátidé dé, ó lọ.

Ògiri náà ga ju bó ti rò lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n yà, tó wọ jẹ́sì bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ewé, tó na ọwọ́ ọ̀tún síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan mú. Lẹ́yìn rẹ̀, kọ̀ntéínà kan ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí tírélà, ó fẹ́ ṣubú. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀: Diepreye. Tẹjúmọ́lá yà á lẹ́ẹ̀kan, ó sún sẹ́yìn kó lè rí gbogbo rẹ̀, ó tún yà á.

"Madam, wetin you dey snap?"

Ọkùnrin kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú ló ń bi í. Kó tó dáhùn, ẹlòmíì ti pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Na she! Na the woman be that!" Ilẹ̀kùn ń ṣí lọ́tùn-ún lósì. Ẹnì kan já kámẹ́rà gbà lọ́rùn rẹ̀, okùn rẹ̀ sì bó o lára. Ẹlòmíì gba fóònù. Ó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé, ohùn rẹ̀ kò sì jáde láàárín ariwo wọn. Obìnrin kan di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó ń bi í pé níbo ló fẹ́ kí òun kó àwọn ọmọ òun lọ. Ẹkún obìnrin náà ló bà á lẹ́rù ju gbogbo ariwo lọ, nítorí òótọ́ ni ẹkún náà.

Nígbà náà ni ọkùnrin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú sọ pé, "Ẹ gbé táyà wá."

Ìta ibẹ̀ náà ni táyà wà. Bàbá Àlíù ló ni ín, bàbá kan tó ti Ìsẹ́yìn wá láti ìgbà èwe, tó ń lẹ táyà tírélà létí kánààlì yẹn. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wá mú táyà, bàbá náà dìde lórí àpótí rẹ̀, ó lọ jókòó lórí òkìtì táyà náà, ó sì ká ẹsẹ̀ jọ.

"Táyà tèmi kọ́ lẹ máa fi pa èèyàn," ló wí.

"Bàbá, ẹ dìde níbẹ̀."

"Mi ò dìde. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó kọ́kọ́ gbé mi." Ó yíjú sí Tẹjúmọ́lá. "Ọmọ mi, ṣé o ní ẹni tó mọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ kó pe èèyàn rẹ̀."

Wọ́n jẹ́ kó pe Reuben. Wọ́n mú Tẹjúmọ́lá wọ inú àgbàlá kan, wọ́n jókòó tì í, ẹnì kan dúró sẹ́nu ọ̀nà. Oòrùn wà lórí páànù. Òógùn ń ṣàn sí i lójú, kò sì láyà láti gbé ọwọ́ nù ún, kí wọ́n má bàa rò pé ó fẹ́ sá.

Reuben dé, ó ń mí hẹlẹ. Ẹ̀rù ló fi yọ káàdì iṣẹ́ rẹ̀ jáde, kí wọ́n lè mọ̀ pé ọmọlúàbí lòun. Àṣìṣe ńlá ni. Ọkùnrin síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú gba káàdì, ó kà á, ó gbé e sókè fún gbogbo èèyàn.

"Tin Can! Ẹ ò rí i? Àwọn ará wharf ni wọ́n. Kì í ṣe kánààlì rárá. Ilẹ̀ wa ni wọ́n fẹ́ máa kó tírélà sí!"

Ariwo tún ru sókè ju ti ìṣáájú lọ. Ẹnì kan gbá Reuben létí. Reuben kò gbá a padà. Ó kàn lọ dúró síwájú ìyàwó rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi dì í mú. Ó ti pẹ́ tí Tẹjúmọ́lá ti rí ọkọ rẹ̀ kó dúró báyìí gbẹ̀yìn.

Àárín ariwo yìí ni obìnrin kan wọlé pẹ̀lú agbọ̀n ẹja lórí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n sì yà fún un lójú ẹsẹ̀. Ebiere lorúkọ rẹ̀, ìyá Diepreye. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n sì rò ó fún un. Ó wo Tẹjúmọ́lá láti òkè délẹ̀.

"Ta ni ọmọ tó wà lára ògiri yẹn?"

Fejiro ti sọ díẹ̀ fún Tẹjúmọ́lá nípa agbábọ́ọ̀lù kan tó kú sábẹ́ kọ̀ntéínà. Ó lè fi ìyẹn dáhùn. Nǹkan kan nínú ojú obìnrin náà sọ fún un pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Mi ò mọ̀ ọ́n, Mà. Mo wá bi yín léèrè ni."

Ebiere fa àpótí kan, ó jókòó. Nígbà tó wá ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe Tẹjúmọ́lá nìkan ló ń bá sọ ọ́.

"Ẹ máa ń sọ pé ó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ tó fi ṣèṣe ti ba bọ́ọ̀lù yẹn jẹ́ fún un tipẹ́. Búrẹ́dì ni mo rán an lọ rà ní Coconut. Kọ̀ntéínà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dà, everybody run. Diepreye náà sá. Ó sá là! Àwọn tí wọ́n jọ sá ló sọ fún mi. Afọ́jú kan wà níbẹ̀ tó ń tọrọ bárà, ẹni tó ń mú un rìn ti sá fi í sílẹ̀. Ó ń pariwo pé, 'Apá ibo? Apá ibo?' Ọmọ mi padà lọ. Ó ti bàbá yẹn jáde. Òun ò jáde."

Ebiere fa agbọ̀n ẹja rẹ̀ mọ́ra.

"Afọ́jú yẹn wá bá mi nílé, ó ní kí n sọ orúkọ ọmọ náà fún òun, kí òun lè máa fi ṣàdúrà. Mi ò dá a lóhùn. Ẹ̀yin ń pè é ní akọni. Èmi ìyá rẹ̀, inú ń bí mi sí i. Ó ti sá là. Kí ló padà lọ wá?"

Ọkùnrin tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú sorí kọ́. Ó hàn pé òun náà kò gbọ́ ọ rí, bẹ́ẹ̀ sì ni òun àti Diepreye jọ dàgbà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé wọ́n lè máa lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí Tẹjúmọ́lá yà ní Ìdí Àgbọn gbọ́dọ̀ kúrò nínú kámẹ́rà náà.

"Pa á rẹ́," ni Reuben ń sọ sí i létí. "Màmá Jọmí, mo bẹ̀ ọ́."

Ó pa wọ́n rẹ́ lójú gbogbo wọn, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tó dé orí èyí tó gbé gbogbo ògiri náà, ó wo ojú Ebiere. Ebiere wo ilẹ̀. Tẹjúmọ́lá tẹ bọ́tìnì, àwòrán náà lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, páspọ́ọ̀tù nìkan ni Tẹjúmọ́lá ń yà. Ó ní kí Jọmílójú ti ojú ewé Fesibúùkù yẹn pa. Bí ẹnì kan bá pariwo lójú títì, ọkàn rẹ̀ á já. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí jáde, Reuben fẹ́ dìde, ìyàwó rẹ̀ fà á lẹ́wù jókòó. Kò tíì lè sọ ọ́.

Ìròyìn ti dé pé wọ́n ti mààkì Ìdí Àgbọn náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò tíì ta aṣọ funfun rẹ̀ tán tí Ebiere fi yọ sí i, tó ń mí gúlegúle.

"Gbé kámẹ́rà ẹ. Katapílà ti wọ àdúgbò wa."

"Mà, àwọn ará àdúgbò yín ló ní kí n pa á rẹ́."

"Mo mọ̀. Gbé e."

Tẹjúmọ́lá rántí oòrùn tó wà lórí páànù, ó rántí táyà. Ó pe Reuben lórí fóònù, ó rò pé yóò ní kó má lọ. Reuben ní, "Máa lọ. Mò ń bọ̀ wá bá ọ níbẹ̀."

Ìdajì àdúgbò ti wó lulẹ̀ nígbà tí wọ́n dé. Mátírẹ́ẹ̀sì, ìkòkò, fáànù, gbogbo rẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Katapílà náà ti wó ilé tó ṣáájú ògiri Diepreye, eruku rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀. Ọlọ́pàá kan rí kámẹ́rà, ó ń bọ̀ tìbínú-tìbínú.

"No snapping here! Gbé e wá!"

Kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan ti bọ́ sáàárín. Ọkùnrin síńgílẹ́ẹ̀tì dúdú ọjọ́sí ni. Ẹlòmíì dúró tì í, àti ẹlòmíì, títí wọ́n fi di ògiri fúnra wọn. Bàbá Àlíù náà dúró láàárín wọn. Wọn kò lu ẹnikẹ́ni, wọn kò sì sún kúrò.

"Ma, do am quick," ni ọkùnrin náà ń sọ láìwẹ̀yìn.

Tẹjúmọ́lá yà á. Ó ya ojú Diepreye, ó ya ọwọ́ tó nà jáde, ó ya kọ̀ntéínà, ó ya orúkọ. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ ti ara kí kámẹ́rà lè dúró. Katapílà ń kù lẹ́yìn rẹ̀ débi pé ilẹ̀ ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó fẹ́ kí Ebiere dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ebiere kọ̀. Lẹ́yìn náà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún bẹ̀ ẹ́, ó rìn lọ síbẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lé ọwọ́ tí ọmọ rẹ̀ nà. Tẹjúmọ́lá tẹ kámẹ́rà.

Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ń pariwo. Ẹni tó ń wa katapílà yọjú, ó rí obìnrin arúgbó náà, ó sì fa ẹ̀rọ náà sẹ́yìn díẹ̀, ó dúró. Ó dúró títí Ebiere fi kúrò fúnra rẹ̀. Nígbà tí ògiri náà wó, ọkọ Tẹjúmọ́lá ti dé, ó ti di apá rẹ̀ mú. Tẹjúmọ́lá kò yàwòrán ìyẹn.

Àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ fún wọn lọ́jọ́ yẹn pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti la ọ̀nà omi yẹn sórí máàpù, kí ẹnikẹ́ni tó máa ya ògiri kiri. Àwọn kan gbà á gbọ́. Àwọn kan kò gbà. Tẹjúmọ́lá fúnra rẹ̀ kò mọ̀ dájú bóyá ẹnì kankan lo àwọn àwòrán tó kó síta. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ògiri, ṣùgbọ́n kì í kọ orúkọ àdúgbò mọ́, kì í sì yọ kámẹ́rà kó tó lọ kí àwọn àgbà ibẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ní rárá, á dúpẹ́, á lọ.

Bàbá Àlíù kó táyà rẹ̀ lọ sí Coconut. Ebiere ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nítòsí Kirikiri. Ibẹ̀ ni Tẹjúmọ́lá gbé àwòrán ńlá náà lọ fún un. Ebiere gbé e sí orí àga, ó wò ó títí.

"Fejiro ti fún un ní imú bàbá ẹ̀," ló wí. "Imú tèmi ni Diepreye ní."

"Ẹ má bínú, Mà."

"Kò burú. Gbé fóònù ẹ wá. Gbogbo ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, mo fẹ́ tún un sọ, kó wà níbì kan. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá a wí."

Tẹjúmọ́lá tẹ fóònù, ó gbé e sórí itan. Ebiere sún mọ́ àwòrán náà, ó na ìka sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ní èdè Ijaw, kíákíá, bí ìyá tó ń bá ọmọ tó pẹ́ dé wí. Tẹjúmọ́lá kò gbọ́ èdè náà. Ó jókòó, ó ń tẹ́tí sí i, kò sì pa fóònù náà.